Òmùwẹ̀ Evaristo

Ẹnì kan ṣoṣo kì í jókòó ti mate, ewé kíkorò tí wọ́n ń bu omi gbígbóná lé mu. Ní Bahía Blanca ní Ajẹntínà, bí ẹnì kan bá ti gbé omi kaná, ẹnì kejì á ti máa fa àga. Ẹni tó ń bu omi á kọ́kọ́ mu tirẹ̀, á tún bu omi sórí ewé, á gbé ahá náà fún ẹni tó tẹ̀ lé e, ahá kan náà, ọ̀pá ìfàmu kan náà, títí omi inú fúláàsì á fi tán, tàbí títí ẹnì kan á fi sọ pé "O ṣé." Ẹni tó bá ti dúpẹ́, ó ti yó nìyẹn, wọn ò ní bù ú fún un mọ́.

Láti ìgbà tí ọkọ Ofelia Arrechea ti kú, òun nìkan ló ń bù ú, òun nìkan ló ń mu ún. Kì í dúpẹ́. Ta ló fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Á mu fúláàsì kan láàárọ̀, á mu òmíràn lọ́sàn-án, nínú láàbù tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ní yunifásítì, tí ẹ̀fúùfù ń gbọn fèrèsé rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ síta. Àga Evaristo, ọkọ rẹ̀, dojú kọ tirẹ̀. Àwọn tó ń gbálẹ̀ ti mọ̀ pé wọn kì í sún àga yẹn.

Ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìdákẹ́rọ́rọ́ tẹ́lẹ̀. Ìgbà kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún un fọ́fọ́, tí rédíò ń ké bọ́ọ̀lù, tí Evaristo Bonomi sì ń pariwo ju rédíò lọ. Ọkùnrin gíga ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun tipẹ́, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Owó orílẹ̀-èdè wá ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó ẹrù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí gba Sípéènì lọ, èyí gba Jámánì, èyí gba Bùràsíìlì. Ẹni tó bá ń lọ á ní òun á padà wá. Wọ́n kàn ń sọ ọ́ ni.

Iṣẹ́ tí tọkọtaya náà ń ṣe kò ṣòro láti yé ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ìyàwó. Àwọn èròjà kan wà tí wọn kì í wo ojú ara wọn. Ásíìdì akirílíìkì, omi tó ń ta nímú yẹn, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà ara ògiri àti ìlédìí ọmọ ọwọ́, ọ̀kan ni nínú ìdílé àwọn álíkíìnì. Kábọ́ọ̀nù méjì inú wọn fi ọwọ́ méjì di ara wọn mú, ó sì yẹ kí ọwọ́ kan ṣe é yọ fún àlejò. Ṣùgbọ́n bí o bá dà á pọ̀ mọ́ èròjà mìíràn tó pọn ayodíìnì sẹ́yìn, kí o sè wọ́n pọ̀ títí di ọ̀la, ẹ̀yìn ni wọ́n máa kọ síra wọn. Àfi kí alárinà bọ́ sáàárín. Alárinà á fa ti ìhín, á fa ti ọ̀hún, á so wọ́n pọ̀, á sì yọ ara rẹ̀ jáde lọ so àwọn mìíràn. Bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀bá. Ọmọ tí wọ́n bá bí, ìyẹn ásíìdì funfun kan tó ń rùn fẹ́ẹ́rẹ́ bí oyin, kì í jọ alárinà rárá.

Lójú Evaristo, alárinà kan ṣoṣo ló wà láyé, paládíọ́mù, irin iyebíye tí gíráàmù rẹ̀ kan lè gbọ́n àpò láàbù gbẹ. Ofelia ní irọ́ ni. Ó ní irin lásán, irú èyí tó ń dípẹtà lẹ́yìnkùlé gbogbo ènìyàn, lè ṣe iṣẹ́ náà bí wọ́n bá fi sùúrù kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ṣe ìjà ilé wọn, bí àwọn mìíràn ṣe ń jà nítorí ẹni tí kò ti géètì.

"Vasca, irin tìẹ yẹn, fi ṣe ìlẹ̀kùn ọgbà," Evaristo á wí, á máa gbọn ìgò paládíọ́mù rẹ̀ bí ìgò lọ́fínńdà. Vasca ló ń pè é, nítorí ọmọ Vasco, ẹ̀yà kan ní Sípéènì, ni àwọn baba ńlá rẹ̀, gbogbo Ajẹntínà ló sì mọ̀ pé bí ọmọ Vasco bá ti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, màlúù ò lè wọ́ ọ kúrò níbẹ̀. "Tó bá di ká fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, àwa àgbà ni wọ́n ń pè."

"Àgbà ọ̀yà! Àgbà tó ń jẹ owó gbogbo ilé tán!" Ofelia náà ń pè é ní Tano, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ àwọn Ítálì. "Gbọ́, Tano, ọjọ́ tí irin bá so wọ́n pọ̀, ìwọ lo máa fọ gbogbo ìgò láàbù yìí, tìẹ tèmi."

"Tí kò bá so wọ́n ńkọ́?"

"Èmi ni n ó fọ̀ ọ́."

"Ó dáa. Lọ ra ọṣẹ sílẹ̀."

Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló mú Evaristo lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọsibítù, Ofelia bu mate fún un. Dókítà ti ní kò gbọdọ̀ mu ún, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́? Evaristo fi ọ̀pá náà kan ètè, ó fa díẹ̀, ó sì gbé ahá náà padà fún un. "O ṣé, Vasca." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, ọkùnrin yìí kò dúpẹ́ mate rí. Omi ló máa ń tán, kì í sú u. Ofelia gba ahá náà. Ó ti mọ̀ kí dókítà tó mọ̀.

Lára ohun tó jogún ni òmùwẹ̀ kan. Òmùwẹ̀ ni wọ́n ń pe mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n fi ike funfun bò, tí kò gùn ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ìsàlẹ̀ ìgò ló ń gbé. Bí wọ́n bá gbé ìgò lé orí ẹ̀rọ, á máa yí bírí-bírí, á máa ro ohun tó wà nínú ìgò pọ̀. Níbi tí nǹkan ti rọrùn, bó bá ti dọ̀tí wọ́n á jù ú nù. Ní Bahía Blanca, tí ẹrù òkèèrè ti lè jókòó sí ibodè títí ẹni tó rà á á fi gbàgbé pé òun rà á, kò sẹ́ni tó ń ju òmùwẹ̀ nù. Ẹni tó bá ń lọ á fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó kù. Ìgò kan tí wọ́n ti jẹ dulce de leche, mílíìkì tí wọ́n fi ṣúgà sè, inú rẹ̀ tán wà lórí pẹpẹ, ó kún fún òmùwẹ̀ àwọn tó ti lọ. Ti Evaristo kò sí níbẹ̀. Orí rẹ̀ kan ti ha, ó dúdú bí èékánná mẹkáníìkì, inú àpò aṣọ iṣẹ́ Ofelia ló sì ń gbé.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ahá mate ló ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Kò sí ọmọlúàbí kan ní ìlú yẹn tó máa fi ọṣẹ fọ ahá mate. Wọ́n á ṣan án pẹ̀lú omi lásán, wọ́n á fi í síbi atẹ́gùn kó gbẹ. Adùn àtijọ́ tó ti wọ ahá lára ló ń gbé tuntun ró, ọṣẹ á sì bà á jẹ́. Òmùwẹ̀ Evaristo náà, omi díẹ̀, asitóònù díẹ̀, kí ó fi aṣọ nù ún, ó parí. Ofelia kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí wọ́n ń ṣe láti kékeré kì í dúró kí a rò ó.

Ọdún tó tẹ̀ lé ikú Evaristo ni irin dáhùn. Ofelia gbé ìgò méjì kaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó fi irin sínú ọ̀kan, kò fi sínú èkejì, kó lè mọ̀ dájú bóyá irin ló ṣe é. Ìgò onírin gba òmùwẹ̀ Evaristo. Èkejì gba ọ̀kan nínú àwọn ti inú ìgò dulce de leche. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, kò sí ohunkóhun nínú ìgò tí kò ní irin, ti onírin sì kún fún ásíìdì funfun tó ń rùn bí oyin. Ó tún un ṣe, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí àga náà, ó pariwo, "Ṣé o rí i? Dìde, wá fọ ìgò!" Àga kò dìde. Ofelia jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé, nítorí ó ti borí nínú ìjà kan tí kò ku ẹni tó lè gbà fún un.

Lóòótọ́, èso náà, ásíìdì funfun yẹn, ń dín kù díẹ̀díẹ̀ bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Ó ní òtútù ni.

Ìròyìn irin yìí ló mú Saturnino Olmedo, olórí ẹ̀ka wọn, máa yọjú sí láàbù tí kò yà tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin abikùn ńlá tó fẹ́ràn ẹran yíyan ni. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, ẹ̀fúùfù bá a wọlé.

"Che, Ofelia! Ìwọ àti ẹ̀fúùfù yìí, ta ló máa kọ́kọ́ fi wá lọ́rùn sílẹ̀?"

"Ẹ̀fúùfù ni. Èmi ò ríbi lọ."

"Má lọ o jàre. Fúráìdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Àyè iṣẹ́ ẹyọ kan ló wà, àwọn ará ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ti ń pọ́nnu lá. Ṣùgbọ́n irin tó ń ṣe iṣẹ́ paládíọ́mù! Bó o bá ṣáà ti sọ ọ́ fún wọn bó o ṣe sọ ọ́ fún mi, tìẹ ni. Delfina á sì padà wálé."

"Tí wọ́n bá gbà."

"Wọ́n á gbà. Màá ti fi ẹran dí wọn lẹ́nu kí wọ́n tó jókòó."

Delfina Urrutia ni akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ kẹ́yìn. Ọmọ awakọ̀ kíréènì ni ní èbúté, Ofelia àti Evaristo tí kò bímọ sì ti mú un bí ọmọ. Tarragona ló wà báyìí, lórílẹ̀-èdè Sípéènì. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni òun àti Ofelia máa ń rí ara wọn lórí fóònù, kálukú pẹ̀lú ahá mate rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á máa ṣe bí ẹni pé wọ́n ń gbé e fún ara wọn. Ohun kan ṣoṣo ni Ofelia ń fẹ́ láyé báyìí, kí Delfina wá jókòó sí ìdojúkọ rẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ti nu tábìlì ọmọ náà.

Ní Sọ́ńdè yẹn, ojú Delfina kò dáa.

"Profe, ẹ má bínú sí mi o."

"Kí ló dé, nena, ọmọ mi?"

"Irin yín ń ṣe fọ́ńté sí mi. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí. Iyọ̀ irin tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ gan-an ni mo lò. Akirílíìkì wọlé, akirílíìkì jáde. Kò sí nǹkan kan."

"Bóyá iná ẹ ò gbóná tó."

"Ó gbóná! Díẹ̀ ló kù kí n jó ilé wọn."

"Bóyá ìgò ẹ mọ́ jù," Ofelia rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará òkèèrè, ẹ máa ń fọ nǹkan jù."

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹ gbọ́, màmá mi ti kun yàrá mi. Àwọ̀ ewé ló kùn ún, ó burú jáì, mi ò lè sọ fún un. Àwọn ará ibí sì ti ní kí n wá bu ọwọ́ lùwé fún ọdún mẹ́ta sí i, mò ń sọ fún wọn pé ilé ni mò ń lọ. Mo kàn fẹ́ fojú ara mi rí i, Profe, lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ fi ń ṣe é ránṣẹ́ sí mi, títí dórí òmùwẹ̀. Tó bá ti ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mi báyìí, mo ti wọ ọkọ̀ òfurufú nìyẹn."

"Òmùwẹ̀ kẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Ó lè jẹ́ ọwọ́ yín ni mo nílò, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ṣe é fi ránṣẹ́."

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi orílẹ̀-èdè. Yunifásítì dá páropáro. Ofelia lọ sí láàbù nítorí pé ilé dá páropáro ju ibẹ̀ lọ. Ó gbé omi kaná, ó ṣí agolo ewé mate, ó sì bá eruku ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí kò tó í bo ọ̀pá. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ti tì. Omi sì ti gbóná. Òtútù ń mú un, ó kàn fẹ́ ohun gbígbóná tó máa fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Ó na ọwọ́ sórí pẹpẹ, ó gbé ahá Evaristo, tí kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn láti ìgbà ọsibítù, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀, ó sì bu omi lásán sí i.

Nígbà tó fa á, mate ni. Kò lágbára, ṣùgbọ́n mate ni, kíkorò, pẹ̀lú èèpo ọsàn díẹ̀ tí Evaristo máa ń fi sí tirẹ̀. Kò sí ewé níbẹ̀ o. Ahá náà ló ń fi ohun tó wà lára rẹ̀ sínú omi. Ofelia di ahá náà mú, omi bọ́ lójú rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn fún ìṣẹ́jú kan, bí ẹni tó gbọ́ ohùn ẹni rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìgbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ kan àpò aṣọ iṣẹ́.

Ó mú òmùwẹ̀ náà jáde, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó wo orí rẹ̀ tó ti ha, tó dúdú. Ọdún mélòó ni Evaristo fi ń yí i nínú paládíọ́mù? Ta ló fi ásíìdì fọ̀ ọ́ rí? Ó rántí ìgò méjèèjì, èyí tó fi irin sí àti èyí tí kò fi sí, ó sì rántí òmùwẹ̀ tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Rárá," ó wí sókè. "Rárá, Tano. Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi."

Ó ní òmùwẹ̀ tuntun kan tí Delfina fún un nígbà tó ń lọ, tó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Kò fẹ́ kó bàjẹ́ ni kò ṣe lò ó. Ó já ọ̀rá náà. Ó fi irin àti òmùwẹ̀ tuntun sínú ìgò kan. Ó fi òmùwẹ̀ Evaristo nìkan sínú èkejì, láìsí irin. Ó gbé méjèèjì kaná.

Ní Túsìdè, ó kán díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí pátákó kékeré tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì wò ó lábẹ́ iná elésè àlùkò. Ìgò onírin kò ní nǹkan kan. Ìgò tí kò ní irin ló bímọ. Kò pọ̀, ó kéré ju ti oṣù tó kọjá lọ pàápàá, ṣùgbọ́n òórùn oyin yẹn ni. Irin kò ṣe iṣẹ́ kankan rí, paládíọ́mù tó ti há sára òmùwẹ̀ ló ń ṣe é. Alárinà tó yẹ kó ti yẹ̀bá ló fara pamọ́ sínú ilé láti ọjọ́ yìí wá, òun ló ń fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ká sọ òtítọ́, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí Ofelia lọ́kàn kò dára. Ó ronú pé bí òun bá fi òmùwẹ̀ yìí ránṣẹ́ sí Tarragona, yóò ṣiṣẹ́. Delfina kò ní béèrè ohunkóhun mọ́. Ìgbìmọ̀ á gbà. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́, ẹnì kan á wà níbẹ̀ tí yóò máa gba ahá lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni ì bá sì mọ̀? Ó fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé òmùwẹ̀ náà bí ẹyin ẹyẹ, ó fi sínú àpò ìwé, ó kọ àdírẹ́sì sí i, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ̀fúùfù ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé òun náà fọwọ́ sí i.

Ìlà gùn. Obìnrin kan tó wà níwájú rẹ̀ ń fi àpótí kan ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Madrid, ewé mate ló kún inú rẹ̀, ó sì ń ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó bá lè gbọ́ pé ti ọ̀hún kò dùn. "Ó ní òun á wálé ní Kérésì," obìnrin náà sọ fún Ofelia. "Ṣé ó máa wá?" Ofelia bá a ti àpótí náà síwájú. Ó ń ro oṣù tó kọjá àti èyí tó ṣáájú rẹ̀, bí èso náà ṣe ń dín kù. Òtútù kọ́ o. Evaristo ló ń tán lára òmùwẹ̀. Ọjọ́ kan á dé tí Delfina á ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Sípéènì, á ti sùn nínú yàrá aláwọ̀ ewé yẹn, á wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀, á sì bá akirílíìkì tó wọlé, tó tún jáde. Yóò wo ojú Ofelia lójúkojú. Ofelia kò lè fara da ojú yẹn.

"Ó kàn yín, màmá," akọ̀wé wí.

"Mo gbàgbé nǹkan kan sílé," Ofelia dáhùn, ó sì jáde kúrò nínú ìlà.

Kò dúró di Sọ́ńdè. Ó pe Delfina nírọ̀lẹ́ yẹn gan-an, láìgbé mate dání, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, ti ahá, ti ìgò méjèèjì, títí kan ti ilé ìfìwéránṣẹ́. Delfina bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún láàárín kan.

"Don Evaristo ṣì ń lọ síbi iṣẹ́," ó wí. "Ó kọ̀, kò fẹ̀yìn tì."

"Ó kọ̀."

"Profe… ẹ lè fi ránṣẹ́ kẹ́ ẹ má sọ fún mi."

"Mo mọ̀."

"Èmi náà fẹ́ wálé. Ṣé ẹ mọ̀ ìyẹn? Kì í ṣe nítorí irin."

"Mo mọ̀, nena. Ṣùgbọ́n kò ní sí àyè iṣẹ́ mọ́. Bu ọwọ́ lùwé wọn. Bù ú lọ́la, kí ọkàn ẹ má bàa yí padà."

"Ọdún mẹ́ta ni, Profe."

"Mo gbọ́."

Delfina nu imú rẹ̀, ohùn iṣẹ́ sì padà sí i lẹ́nu, nítorí Evaristo ló kọ́ ọ. "Ẹ ti fi ásíìdì gbígbóná fọ̀ ọ́? Tí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á ṣì sọ pé irin náà pín nínú ẹ̀."

"Mi ò tíì fọ̀ ọ́."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n wà lórí fóònù?"

"Rárá," Ofelia wí. "Èyí, àwa méjì ni."

Ó sọ fún Olmedo ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Olmedo ní ṣé kò ṣe é sọ lọ́nà mìíràn. Ofelia ní kò ṣe é sọ lọ́nà mìíràn. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó sì lọ láìṣàwàdà kankan. Àwọn ará ẹ̀ka ilẹ̀ ló máa gba àyè náà.

Lẹ́yìn náà ni Ofelia po ásíìdì méjì kan pọ̀, èyí tí agbára wọn lè jẹ góòlù pàápàá, ó gbé e sínú àpótí tó ń fa èéfín, ó sì fi òmùwẹ̀ náà sí i. Ó dúró tì í. Omi náà ti ní àwọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò rí ohunkóhun tó jáde lára rẹ̀, kò sí àmì kankan. Orí dúdú yẹn kàn ń mọ́ díẹ̀díẹ̀ ni, títí ó fi funfun bí òmùwẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá dà á mọ́ àwọn ti inú ìgò dulce de leche báyìí, òun fúnra rẹ̀ kò ní lè mú un yàtọ̀.

Ó fi omi ṣan án. Ó fi irin tuntun, akirílíìkì àti alábàáṣe rẹ̀ sínú ìgò, ó ju òmùwẹ̀ náà sí i, ó sì gbé e kaná.

Ní Fúráìdè, bí ìgbìmọ̀ ṣe ń jókòó lókè, Ofelia wo pátákó náà lábẹ́ iná. Akirílíìkì wọlé, akirílíìkì jáde. Ó wò ó títí, kì í ṣe pé kò yé e. Ó kàn jẹ́ pé bí ó bá ti gbé ojú kúrò níbẹ̀, kò sí ohun tí Evaristo ṣì ń ṣe láyé mọ́.

Ó fọ ìgò náà. Ó fọ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wá ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó kó gbogbo ìgò orí pẹpẹ sílẹ̀, tirẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀, ó da ọṣẹ sínú omi, ó sì ń fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ìka rẹ̀ fi hunjọ, nítorí àdéhùn ni àdéhùn.

"O ti borí, Tano," ó sọ fún àga náà. "Ṣé o gbọ́? Mo ní o ti borí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ahá Evaristo nìkan ni kò fi ọṣẹ kàn. Ó ti ra ewé tuntun. Ó bù ú sínú ahá náà, ó bu omi gbígbóná sí i, ó kọ́kọ́ mu tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń bù ú. Ó tún bu omi sí i, ó gbé e sí iwájú àga náà, ó sì dúró dè é títí omi fi tutù. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ kọjá tábìlì, ó gbé e padà, ó mu ún tán bó ṣe tutù, bó ṣe korò.

"O ṣé," ó wí, ó sì lọ da ewé náà nù.